Ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà yín ni: Ẹ jẹ́ ká mọ òfin owó tó tọ́ sí i

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdàn, òòbẹ̀ la ó fi ṣẹbọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe rí lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìyẹn. Àdàn táwọn ìlú òyìnbó ní, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí kò níṣẹ́ mọ́ nígbà tó ń wá òmíràn, a kò ní in níbí. Òòbẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti tọ́jú, tí òfin gbà á láyè láti mú nínú rẹ̀ bíṣẹ́ bá bọ́. Òòbẹ̀ náà kéré, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń mú un, kékeré náà á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìkẹ̀rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo Gúúsù Èkìtì, ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, ọ̀nà mẹ́ta ló sì gbà kàn yín. Àkọ́kọ́ ni pé owó oṣù ló ń gbé ọjà wa ró. Bí oṣù bá parí, tí owó wọlé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tíṣà àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Bamidele Olumilua tó wà n'Íkẹ̀rẹ́, ojú ọjà máa ń là. Bí owó náà bá sì dúró, àwìn nìkan lẹ ó máa tà. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló gba èèyàn síṣẹ́, nílé búrẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ń lagi, nílé epo, nílé ìwé aládàáni, nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí ẹnì kan máa lọ sílé, ẹ̀yin lòfin máa kọ́kọ́ bi. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló wà lágbègbè wa tó jẹ́ pé ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Houston ló fi owó ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́. Bíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn lọ́hùn-ún, tó sì ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí owó tí ìjọba ibẹ̀ ń san fún un, ṣọ́ọ̀bù tó wà níbí náà máa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Lọ́dún 2004 nìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá kalẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti jọ ń dá owó sínú àkáǹtì kan tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà. Lábẹ́ òfin ọ̀hún, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ẹni àádọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà kó tó lè mú ohunkóhun. Lọ́dún 2014 ni wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì sọ oṣù mẹ́fà di mẹ́rin. Ohun tí òfin 2014 sọ ni pé bí oṣù mẹ́rin bá pé, tí onítọ̀hún kò sì tíì ríṣẹ́ mìíràn, ó lè gba owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀, bí Àjọ PenCom tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì bá ti fọwọ́ sí i. Ìyókù á wà níbẹ̀ di ọjọ́ alẹ́.

Èló wá ni owó náà? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ká ní ẹnì kan ń gba iye yìí, tí wọ́n sì ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo rẹ̀. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 5,600 náírà, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ dá ìdá 10, ìyẹn 7,000 náírà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,600 náírà lóṣù. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún gbáko, tí wọn kò fo oṣù kan ṣoṣo, 756,000 náírà ni, ká tó ka èlé tó gun orí rẹ̀. Ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ 189,000 náírà. Ẹ wò ó dáadáa. Owó tí èèyàn máa fi oṣù mẹ́rin dúró dè, kò tó owó oṣù mẹ́ta tó ń gbà nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ní ìrànwọ́ gidi nìyẹn, kó tún èrò rẹ̀ pa. Owó ara ẹni lèèyàn ń gbà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ péré, lẹ́yìn ìgbà tí ebi ti pa á fún oṣù mẹ́rin.

Síbẹ̀, 189,000 náírà yẹn, àwọn kan wà tí wọn kò lè rí i gbà rárá, ẹ̀bi àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin ní iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yìí. Ó ní láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ti wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá fà á sẹ́yìn máa san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó jẹ, fún oṣooṣù tó bá fi jẹ ẹ́. Ẹni tó ń yọ owó lára owó oṣù òṣìṣẹ́, tí kò sì fi ránṣẹ́, kò yàtọ̀ sí alájọ tó kó owó ìyá ọlọ́jà jẹ. Kò sẹ́ni tó máa bá alájọ bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́ n'Íkẹ̀rẹ́, kí ló wá dé tá a fi ń kí onílé ìwé tó ń ṣe irú rẹ̀ ní "ẹ kú iṣẹ́"?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí kò ní òṣìṣẹ́ tó tó 15. Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ni tiyín. Òfin kò fipá mú yín wọnú ètò náà, àmọ́ kò tilẹ̀kùn mọ́ yín. Lóṣù kẹta ọdún 2019 nìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọlọ́jà àti awakọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun téèyàn bá dá ló lè mú bí bùkátà bá dé, ìdá 60 a sì dúró de ọjọ́ ogbó. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: ìdá 40 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, láìsí pé ó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́rin jókòó sílé, ìdá 25 fún òṣìṣẹ́. Oníṣòwò tó bá lóun kò rí àǹfààní kankan nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì, kó yà sí ọ́fíìsì èyíkéyìí nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń mójú tó o l'Ádó tàbí Àkúrẹ́, kó sì bèèrè bí ètò náà ṣe wà báyìí.

Nǹkan mìíràn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀gá kékeré ni ìwé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹnu la fi ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹnu náà la fi ń lé e lọ. "Má wá mọ́ lọ́la," ó parí. Ẹni tẹ́ ẹ bá lé lọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé kankan tó máa fi hàn pé òun ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, láti ọjọ́ wo, nítorí kí ni. Bó bá dé iléeṣẹ́ tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé tó fi kúrò. Ojú ìwé kan péré ni, kò ju kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, kẹ́ ẹ sì buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni òfin òṣìṣẹ́ tó wà látọdún 1974 sọ iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ fi kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ kó tó lọ: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì tó oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò tó oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó dúró, ẹ san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn fún un. Kì í ṣe ojú àánú lẹ fi wò ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ti ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun mẹ́ta ló máa ń ba nǹkan jẹ́ fún un: ìrìnàjò, iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́, àti bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní àwọn kò fún un lówó.

Ìrìnàjò la ó kọ́kọ́ mú. Bíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Ìsẹ̀ kan lónìí, Èkó ló máa kọ́kọ́ rò, tàbí Abuja. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó sọ pé kó má rìn. Àmọ́ bó bá ti lọ, tó yí nọ́ńbà fóònù padà, tí iléeṣẹ́ tó ti kúrò bá sì kógbá sílé kó tó dé, ta ló máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ni náà tó wọkọ̀, kó ti gba ìwé tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó gba ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, kó lọ wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bóyá owó gbogbo oṣù ló wọlé, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà tuntun tó ń lò. Àkáǹtì náà kì í kú síbi iṣẹ́, ti òṣìṣẹ́ ni títí ayé rẹ̀, ibikíbi tó bá lọ ló ń bá a lọ. Oṣù mẹ́rin tó máa fi dúró, kó fi kó ìwé jọ, torí bí gbèdéke bá pé tí ìwé kò pé, oṣù mẹ́rin a di mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa tó wà lókè òkun ló tún lágbára ju èyí lọ. Látọdún 1911 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin owó fún ẹni tí kò níṣẹ́, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1935. Owó náà wà, àmọ́ àdéhùn wà nídìí rẹ̀. Lájorí àdéhùn náà lórílẹ̀-èdè méjèèjì ni pé kẹ́ni tó ń gbà á wà ní sẹpẹ́, kó máa wáṣẹ́, kó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí wọ́n bá pè é. Ẹ wá wo ohun tá a máa ń ṣe. Bàbá kú l'Émùré, ẹbí pàdé, wọ́n ní àkọ́bí tó wà ní Houston gbọ́dọ̀ wá sin bàbá rẹ̀, kó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ, ó bá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ní Texas, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹni tó ń gba owó yìí máa ń dáhùn ìbéèrè ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù pé òun ṣì ń wáṣẹ́, òun sì wà nílẹ̀ fún iṣẹ́. Ẹni tó jókòó s'Émùré tó dáhùn pé òun wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ní Houston, irọ́ ló pa fún ìjọba. Ẹni tó ní kí ọ̀rẹ́ bá òun dáhùn ìbéèrè náà lọ́hùn-ún, ọ̀ràn méjì ló dá. Wọ́n máa gba gbogbo owó ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi owó ìtanràn lé e, ó sì lè di ẹjọ́.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn díẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit lè jáde nílùú fún oṣù kan láìjẹ́ pé owó náà dúró, bó bá ti sọ fún wọn ṣáájú, tó sì ṣì ń mú àdéhùn tó ṣe nípa wíwáṣẹ́ ṣẹ. Bó bá jẹ́ pé ìbátan tó sún mọ́ ọn gan-an, bí òbí, ọkọ, aya tàbí ọmọ, ló kú nígbà tó wà lẹ́yìn odi, tí kò sì bójú mu kó padà kíákíá, wọ́n lè fi oṣù kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ náà: kó sọ fún wọn ni. Ẹni tó sọ, tó ní ìwé ọkọ̀ òfúrufú àti ìwé ìsìnkú lọ́wọ́, kò sí wàhálà. Ẹni tó yọ́ lọ yọ́ bọ̀ ló máa sanwó padà. Àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá gbà á, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà ló ń fi ṣeré.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ni pé ẹ̀yin lẹ máa ń pè wọ́n. Kẹ́ ẹ tó ní kí ọmọ yín wá síbi ìnáwó, ẹ bi í léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bó bá sọ pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn tó ń san owó fún un. Ìsìnkú tó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ sàn ju èyí tó máa fi gbèsè ọdún méjì sí i lọ́rùn. Bí gbèsè bá sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, owó ọjà tó ń fi ránṣẹ́ síbí ló máa kọ́kọ́ gé.

Ó kan iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́, ìyẹn ohun téèyàn fi ń gbọ́ bùkátà nígbà tó ń retí. Lókè òkun, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ni tó ń gba owó ìjọba má ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé kó sọ ọ́. Nínú ètò Universal Credit, látìparí ọdún 2021, bí òṣìṣẹ́ bá pa pọ́n-ùn kan wálé, pẹ́ńsì 55 ni wọ́n ń yọ nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀, nítorí náà pẹ́ńsì 45 ṣẹ́ kù fún un. Àwọn kan, bí ẹni tó ń tọ́mọ, tún máa ń rí iye kan pa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní Texas, ẹni tó bá pa owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ń san fún un, wọn kì í yọ kọ́bọ̀. Ẹ rí i pé iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ tí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ kì í ba owó jẹ́. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ ló ń ba owó jẹ́, torí àwọn agbowó-orí ibẹ̀ àtàwọn tó ń san owó ìrànwọ́ máa ń yẹ ìwé ara wọn wò.

Níbí ńkọ́? Òfin ní bí òṣìṣẹ́ kò bá "ríṣẹ́ mìíràn" láàárín oṣù mẹ́rin. Ṣé tíṣà tí wọ́n dá dúró n'Íkẹ̀rẹ́, tó wá ń fi ọ̀kadà ṣe nǹkan tàbí tó ń din àkàrà níwájú ilé, ti ríṣẹ́ mìíràn nìyẹn? Èrò tèmi ni pé rárá o. Ohun tí òfin ń sọ ni kí ẹlòmíràn gbà á síṣẹ́. Ẹni tó ń wá ohun tọ́mọ máa jẹ lálẹ́ kò tíì ríṣẹ́. Ó yẹ kí Àjọ PenCom àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń mójú tó owó yìí máa sọ ọ́ ketekete létí ará ìlú, lédè Yorùbá, kẹ́rù má baà máa ba àwọn èèyàn, kí wọ́n sì má baà fi oṣù mẹ́rin jókòó lásán torí wọ́n rò pé àkàrà dídín máa gba ẹ̀tọ́ wọn. Kẹ́ni tọ́rọ̀ kàn béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tirẹ̀ kó tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kó sì má parọ́ sínú rẹ̀.

Bí owó náà bá wá jáde, ibẹ̀ ni ìdánwò tún wà. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé kẹ́ni tó gba ìdá 25 kó gbogbo rẹ̀ lé ọjà lẹ́ẹ̀kan. N kò bá wọn fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní 189,000 náírà, tó kó gbogbo rẹ̀ ra ọjà, tí kò ní owó oúnjẹ oṣù kan lọ́wọ́, ọjà náà ló máa jẹ. Ọ̀nà Adó sí Ìkẹ̀rẹ́ sí Àkúrẹ́ tá a jọ ń rìn yìí, gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí níbẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan tó láti jẹ èrè. Kó fi ìdajì bẹ̀rẹ̀, kó pa ìyókù mọ́. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń yára tà, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkun ṣọ́ọ̀bù àti pátákó ìpolówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lọ́jà, ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó bá yín pín ọjà rà láti Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, owó ọkọ̀ yín náà á dín kù.

Ohun kẹta ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Yorùbá máa ń sọ pé àfọwọ́fà ni ìjàngbọ̀n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi í bá ọ́fíìsì jà. Bí akọ̀wé bá ti ní "kò sí", wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀, wọ́n á máa lọ sílé lọ gbàdúrà. Àdúrà dára, àmọ́ òfin ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, òṣìṣẹ́ tí ìpinnu ẹni tó gbà á síṣẹ́ tàbí ti iléeṣẹ́ tó ń mójú tó owó rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé sí Àjọ PenCom pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ti àjọ náà kò bá tún tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀nà ìlàjà àti ti ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ okòwò ìdókòwò ṣì wà. Àjọ Public Complaints Commission, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, tó sì ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, máa ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú láìgba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ kan yọ owó tí kò fi ránṣẹ́, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka l'Ákùúrẹ́, kò jìnnà sí wa. Ibi tí ẹjọ́ máa ń ṣubú ni àìníwèé. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà náà, kó kọ ọjọ́ tó gbà á sí i.

Fún àwọn ti òkè òkun, ọjọ́ ló ń pa ẹjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kan ni wọ́n fún èèyàn láti ní kí wọ́n tún ìpinnu yẹ̀ wò, bí wọ́n bá sì tún kọ̀, oṣù kan mìíràn ló ní láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ní New York, ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ní Texas, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ dé sílé ní Houston nígbà tó wà níbi ìnáwó n'Ísẹ̀, kó tó padà, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti lọ. Ìdí mìíràn rèé tí ìrìnàjò fi gbọ́dọ̀ ní ètò. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ni náà máa dáhùn ìbéèrè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ bó ṣe ń ṣe é, bí wọn kò tilẹ̀ san owó. Bó bá jàre, àwọn ọ̀sẹ̀ tó dáhùn nìkan ni wọ́n máa san. Ẹni tó bínú dáwọ́ dúró jàre lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà. Gbogbo ìmọ̀ràn yìí, òòbẹ̀ la fi ń ṣẹbọ. Ohun tó yẹ ká ní ni owó gidi fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí òfin gbé ró, tí àpò rẹ̀ dá dúró. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti fi hàn rí pé ìjọba lè sanwó lóṣooṣù. Lọ́dún 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Kayode Fayemi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fáwọn arúgbó tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin tí wọn kì í gba owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn ìyá àgbà fi ra epo, wọ́n fi ra ọṣẹ, ọjà rí i. Nígbà tí ìjọba yí padà lọ́dún 2014, ètò náà kò tẹ̀ síwájú. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé N-Power dé lọ́dún 2016, wọ́n ń san 30,000 náírà lóṣù fáwọn ọ̀dọ́ tó kàwé tí wọn kò ríṣẹ́. Lóṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n dá a dúró. Ohun tí méjèèjì kọ́ wa ni pé owó tó bá wá láti ọwọ́ gómìnà tàbí mínísítà, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ló ń tẹ̀ lé wọn lọ. Èyí tó wá láti inú àpò tí gbogbo èèyàn jọ dá sí nìkan ló lè dúró.

A ti ní àwòkọ́ṣe rẹ̀ nílé. Òfin ọdún 2010 tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n ń san sínú àpò àjọ NSITF. Ọ̀nà kan náà la lè gbà fún àìríṣẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin oníṣòwò máa sọ: owó ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, owó iná, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó-orí, ibo la ó tún ti rí ìdá 1 mú? Ọ̀rọ̀ yín tọ́. Kò yẹ kí wọ́n fi kún ẹrù tó wà lórí yín láìsọ òmíràn kalẹ̀. Kí wọ́n kó ogún oríṣi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà pọ̀ sójú kan, kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì yọ díẹ̀ sínú àpò yìí. Iléeṣẹ́ kékeré tí kò tó òṣìṣẹ́ márùn-ún, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Àmọ́ ẹ rò ó wò: bí èèyàn mẹ́wàá bá pàdánù iṣẹ́ ládùúgbò yín lọ́jọ́ kan, èwo ló máa pa yín lára jù, ìdá 1 owó oṣù tẹ́ ẹ dá ni, àbí àwìn èèyàn mẹ́wàá tí kò ní lè san?

Àwọn tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ádó àti l'Ábùjá máa ń wá sáàárín wa nígbà ìbò, ọjà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wọ̀. Bí wọ́n bá tún dé, ẹ má kàn gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò sí oṣù mẹ́rin tí òfin ní kí ẹni tí ebi ń pa fi dúró, kí ló sì dé tí kò fi lè jẹ́ oṣù kan. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó ní òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀, kó fún wọn ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, kó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ní ọmọ lókè òkun, kó pè é lálẹ́ òní, kó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ kó tó sọ ọ̀rọ̀ ìnáwó.